Ọmọ Ti Sùn, Ara Rẹ̀ Ò Tíì Sùn: Bí A Ṣe Ń Pẹ̀tù sí Ìdágìrì Ara Ọmọdé Nígbà Tí Rọ́bà Bá Fẹ́ Wọ Ọ̀nà Èémí

Mọ́nítọ̀ wà lápá ọ̀tún mi, ó ń dún pí, pí, pí. Ọkàn ọmọ náà ń lù ní ìgbà 104 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọmọkùnrin ọlọ́dún 5 ni, bẹ́lúbẹ́lú rẹ̀ la fẹ́ gé. Ó ti pajú dé, ara rẹ̀ ti dẹ̀, mo fi ìka kan ìpéǹpéjú rẹ̀, kò mira. Mo gbé irin tí a fi ń gbé ahọ́n sókè, kí rọ́bà èémí lè wọ gògóńgò, sí i lẹ́nu. Kí n tó ka ẹ̀ẹ́wàá, ìró yẹn ti ń gun ara wọn lórí: 130, 150, 168. Ìfúnpá rẹ̀ gòkè. Kò húkọ́, kò jà, nítorí a ti fún un ní oògùn tó ń dẹ iṣan. Ẹni tó bá ń wo ojú rẹ̀ nìkan á sọ pé ọmọ yìí ń sùn fọnfọn. Ara rẹ̀ ń ké.

Ibi iṣẹ́ tí mo wà kí n tó wá sí Rẹ́mọ nìyẹn ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀bi náà kò sì kọjá ọ̀dọ̀ mi. Mo ti fún ọmọ náà ní fentanyl, oògùn apàrora tó lágbára, ìwọ̀n rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n mi ò dúró kó ṣiṣẹ́. Oníṣẹ́ abẹ ti fọ ọwọ́ tán, ó káwọ́ sókè, gbogbo wọn ń wò mí. Ojú tì mí láti dúró. Ọmọ náà jí dáadáa, ó lọ sílé lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ yẹn ni mi ò lè gbàgbé.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin dókítà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ oògùn akunnilóorun ní Ṣàgámù, Ìlíṣàn, Ìjẹ̀bú-Òde àti àwọn ìlú tó yí wọn ká ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí fún. Òbí lè kà á kí ó mọ ohun tí a ń ṣe fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n oògùn tó wà nínú rẹ̀, ti ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ ni, tí ọ̀gá rẹ̀ wà nítòsí, tí ọ́síjìn àti ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Ibodè ni ìdí ahọ́n, ọ̀fun àti gògóńgò. Ọlọ́run fi oníbodè síbẹ̀ kí oúnjẹ àti itọ́ má bàa ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú kò nílò kí n ṣàlàyé oníbodè fún yín. Láyé àwọn baba wa, àlejò kì í déédéé gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá lọ sétí ọ̀sà láìjẹ́ pé wọ́n dá a dúró. Bí gògóńgò ṣe rí nìyẹn. Bí irin bá gbé ìdí ahọ́n sókè, iṣan ìmọ̀lára kẹsàn-án àti ìkẹwàá nínú àwọn tó ti ọpọlọ wá á sáré mú ìròyìn lọ. Ọpọlọ á ní kí adrenaline àti noradrenaline, àwọn omi ara tó ń ta ara jí, tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á sáré, ìfúnpá á gòkè, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á lé. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ló ń bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń ga jù lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 1 sí 2, tó bá sì fi máa di ìṣẹ́jú 5, ó ti ń rọlẹ̀. Èyí ni mò ń pè ní ìdágìrì ara.

Ọmọ tí ara rẹ̀ le koko á fara dà á, mi ò ní parọ́ fún yín. Àwọn kan wà tí kò yẹ ká dán an wò lára wọn. Ọmọ tí omi kún orí rẹ̀ ńkọ́, tí ọpọlọ rẹ̀ ti há mọ́ agbárí? Ọmọ tí igi gún lójú, tí ojú náà ṣí sílẹ̀, tí ohun inú rẹ̀ lè tú jáde bí ìfúnpá ojú bá lọ sókè? Ọmọ tó ní àrùn ọkàn, tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ ti sọ ìfúnpá rẹ̀ di gíga tẹ́lẹ̀? Bí ẹ bá ń ṣe é dáadáa fún gbogbo ọmọ, ọwọ́ yín á ti mọ́ ọn lọ́jọ́ tí irú àwọn wọ̀nyí bá dé.

Ìgbà kan wà tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn gbà pé ìkókó kì í mọ ìrora. Wọ́n á dẹ iṣan rẹ̀, wọ́n á fún un ní afẹ́fẹ́ nitrous oxide, iṣẹ́ abẹ á bẹ̀rẹ̀. Ní 1987, Kanwaljeet Anand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford tẹ èsì ìwádìí wọn jáde lórí àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, tí wọ́n ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nítòsí ọkàn wọn. Àwọn tí wọ́n fi fentanyl kún tiwọn, ìdágìrì ara wọn kéré, wàhálà tó tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ náà sì kéré. Láti ìgbà náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún sọ níwájú yín pé "ọmọdé ni, kò ní mọ̀ ọ́n."

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé dandan ni rọ́bà?

Ọmọ tó fẹ́ ṣe ìpá, tí iṣẹ́ náà kò ju wákàtí kan lọ, tí inú rẹ̀ ṣófo, lè lo máàsìkì inú ọ̀fun tó ń jókòó sórí gògóńgò láìwọ inú rẹ̀. Ìdágìrì tirẹ̀ kéré gan-an sí ti rọ́bà. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ìdí tó ń pa ìrora nísàlẹ̀ ara kún un, oògùn oorun díẹ̀ á tó o. Rọ́bà ṣì ni fún iṣẹ́ inú ikùn, fún ọmọ tó jẹun, àti ní tèmi, fún bẹ́lúbẹ́lú pẹ̀lú, nítorí ẹ̀jẹ̀ inú ọ̀fun.

Ilé ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀

Ìdágìrì kì í dúró de irin. Ọmọ tí ebi ti ń pa láti aago mẹ́wàá alẹ́, tí òùngbẹ ń gbẹ, tó ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há, adrenaline ti kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Nítorí náà, ẹ má kàn sọ fún òbí pé "kó má jẹ nǹkan kan láti alẹ́." Ẹ fún wọn ní aago. Oúnjẹ líle àti mílíìkì alágolo: wákàtí 6. Ọmú ìyá: wákàtí 4. Omi lásán: wákàtí 2, àwọn ilé ìwòsàn kan nílẹ̀ Yúróòpù ti dín tiwọn kù sí wákàtí 1. Kí ẹ sì la ohun tí omi lásán jẹ́ yé wọn, nítorí ní ìlú wa, omidùn orí ògì lè jẹ́ omi lójú ìyá àgbà. Kì í ṣe omi lásán. Tíì tí kò ní mílíìkì, omi ṣúgà, omi tútù: àwọn yẹn ni.

Ìyá àgbà kan wà tó ń ta obì ní Ṣàbó, ní Ṣàgámù. Òun ló sun mọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo bèèrè bóyá ọmọ jẹun, ó ní rárá o, Dókítà, kò jẹun. Mo wo ẹnu ọmọ náà. Hóró gàrí kékeré kan lẹ̀ mọ́ ìgun ètè rẹ̀, ó ti gbẹ. Mo kúnlẹ̀ ti màmá, mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Kí ló tọ́ wò láàárọ̀?" Ó wo ilẹ̀. "Gàrí ṣíbí méjì péré ni mo rẹ fún un, ọmọ ò lè fi ebi kú mọ́ mi lọ́wọ́." A sún iṣẹ́ abẹ sí ọ̀sán. Bí mo bá ti gba "rárá" yẹn gbọ́, gàrí Ìjẹ̀bú tó wú nínú ikùn ọmọ ni ì bá gòkè wá pàdé mi lẹ́nu gògóńgò. Láti ọjọ́ náà, mi ò bèèrè "Ṣé ó jẹun?" mọ́. "Kí ló tọ́ wò?" ni mò ń bèèrè, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́.

Ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ ikọ́ àti ọ̀fìnkìn. Ọmọ tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń yọ nímú rẹ̀, tó ní ibà, tí àyà rẹ̀ ń dún, ọ̀nà èémí rẹ̀ á máa ta gìrì sí ohun kékeré. Bí iṣẹ́ abẹ náà kò bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹ sún un síwájú ní ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán. Ẹ bèèrè jẹnótáìpù pẹ̀lú. Ọmọ tó jẹ́ SS kò gbọdọ̀ gbẹ, òtútù kò gbọdọ̀ mú un, ọ́síjìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ wálẹ̀. Òun ni kó kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀, kí dírípù sì ti wà lára rẹ̀.

Ìbẹ̀rù

Bí ìyá bá lè pọn ọmọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà tíátà, ẹ jẹ́ kó pọ̀n ọ́n. Mo ti rí i kí ìlù ọkàn ọmọ sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ju bí oògùn yòówù ṣe lè mú un sọ̀kalẹ̀ lọ. Ẹ fún ọmọ ní máàsìkì ní wọ́ọ̀dù kó fi ṣeré, kó fi bo bèbí rẹ̀ nímú. Ẹ pè é lórúkọ. Ẹ má purọ́ fún un pé abẹ́rẹ́ kò ní dùn ún.

Ọmọ tí ẹ̀rù ṣì ń bà gidigidi lè mu midazolam, oògùn tó ń fọkàn balẹ̀, 0.5 mg fún kílò kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 ṣáájú. Ó korò, ẹ fi omi ṣúgà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn tó bá mu ún, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wò ó, kò gbọdọ̀ máa rìn kiri wọ́ọ̀dù. Ọmọ tí bẹ́lúbẹ́lú ti dí ọ̀nà èémí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń hanrun tí èémí rẹ̀ sì ń dá lójú oorun, ẹ má fún un, tàbí kí ẹ dín in kù gan-an lójú ọ̀gá yín.

Ẹ ṣírò rẹ̀ sórí ìwé

Ẹ gbé ọmọ sórí ìwọ̀n. Ẹ má fojú díwọ̀n ọmọ. Ká ní Bọ̀sẹ̀dé ni orúkọ ọmọ tó wà níwájú yín, ọmọ ọdún 4, kílò 16.

Rọ́bà tí kò ní bàlúù (àpò afẹ́fẹ́ kékeré tó ń dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀): ẹ pín ọjọ́ orí sí 4, ẹ fi 4 kún un. Ó di 5.0. Èyí tó ní bàlúù, 3.5 ni ẹ ó fi kún un: 4.5. Ẹ gbé èyí tó fi ìdajì tóbi jù àti èyí tó fi ìdajì kéré jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tó máa dé létè: ìdajì ọjọ́ orí, ẹ fi 12 kún un, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 14. Fentanyl, 2 mcg (máíkírógíráàmù) fún kílò kan, jẹ́ 32 mcg. Ìgò kékeré rẹ̀ tó ní 100 mcg nínú mílílítà 2, ẹ fi omi iyọ̀ sọ ọ́ di mílílítà 10, kí mílílítà kọ̀ọ̀kan lè ní 10 mcg, Bọ̀sẹ̀dé á gba 3.2. Lidocaine, oògùn tó ń mú ara kú, sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, 1.5 mg fún kílò kan, jẹ́ 24 mg, ìyẹn mílílítà 2.4 nínú èyí tó jẹ́ ìdá 1 nínú 100. Propofol, oògùn oorun, 3 mg fún kílò kan, jẹ́ 48 mg. Atropine, oògùn tó ń mú ọkàn sáré, 20 mcg fún kílò kan, jẹ́ 320 mcg, kó wà nínú síríńjì tirẹ̀ bí ẹ kò bá tilẹ̀ ní lò ó.

Ẹ lẹ orúkọ mọ́ síríńjì kọ̀ọ̀kan. Ẹ tan ẹ̀rọ tó ń fa itọ́, ẹ gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ wo iná orí irin ọ̀fun. Ẹ bèèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ ní dísù, kí ẹ sì rí sílíńdà ọ́síjìn tó kún pẹ̀lú ojú ara yín. Mi ò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan lórí "ó kún" tí ẹlòmíì sọ fún mi.

Oorun, àti oògùn tí ń pẹ̀tù sí ìdágìrì

Ẹ fi ọ́síjìn kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bí ọmọ bá gbà. Lẹ́yìn náà fentanyl, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ẹ bá tì í gììrì, pàápàá bó bá pọ̀, àyà ọmọ lè le gan-gan tí afẹ́fẹ́ kò ní wọlé. Ẹ mú ọwọ́ yín sún mọ́ máàsìkì, nítorí èémí rẹ̀ á fà sẹ́yìn. Ẹ̀yìn èyí ni propofol. Propofol ń ta ọmọ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, nítorí náà mo máa ń fi lidocaine díẹ̀ ṣáájú rẹ̀, mo sì máa ń kà á mọ́ àpapọ̀ lidocaine tí ọmọ náà gbà.

Lidocaine inú iṣan ẹ̀jẹ̀ gan-an, ìṣẹ́jú 1 àbọ̀ sí 3 ṣáájú irin ni àkókò rẹ̀. Ohun tí mo rí nídìí rẹ̀ ni pé ó ń pa ikọ́ dájú ju bó ṣe ń mú ìfúnpá wálẹ̀ lọ. Nítorí náà, mo máa ń fi í ti fentanyl lẹ́yìn, mi kì í fi í rọ́pò rẹ̀. Bí oníṣẹ́ abẹ bá tún fẹ́ fi lidocaine sí ojú ọgbẹ́, ẹ sọ fún un iye tí ọmọ ti gbà.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni fentanyl wà lójoojúmọ́, mo mọ̀. Níbi tó jẹ́ pé ketamine, oògùn oorun mìíràn, nìkan ló kù, ẹ rántí pé ketamine fúnra rẹ̀ ń mú ọkàn sáré, ń mú ìfúnpá gòkè, ń mú itọ́ ya. Ó dára fún ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ti dànù lára rẹ̀. Kì í ṣe oògùn tí ń pẹ̀tù sí ìdágìrì gògóńgò. Ẹ fi afẹ́fẹ́ oorun kún un kí ẹ tó gbé irin.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo halothane, afẹ́fẹ́ oorun kan tí ó ṣì wà ní àwọn tíátà wa kan, ẹ dákun, ẹ fi sọ́kàn pé halothane àti adrenaline kì í gbé pọ̀ ní ìrẹ́pọ̀. Bí oorun kò bá jìn, tí èémí ọmọ kò sì jáde dáadáa, tí carbon dioxide gbára jọ, adrenaline tó tú jáde nígbà tí irin kan gògóńgò lè da ìlù ọkàn rú: ẹ ó rí i kí ó máa fò, kí ó máa kọsẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe ni kí ẹ yọ irin, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ tó pọ̀ wẹ ẹ̀dọ̀fóró. Sevoflurane àti isoflurane kò ní wàhálà yìí tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti oògùn tó ń dẹ iṣan, òun ló tan mí jẹ lọ́jọ́ ọjọ́ sí. Suxamethonium, atracurium, rocuronium, èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ọwọ́ ọmọ nìkan ló dè. Kò kan oorun, kò kan ìrora. Ọmọ tí ẹ dẹ iṣan rẹ̀ tí oorun rẹ̀ kò jìn dà bí ẹni tí wọ́n di lẹ́nu tí wọ́n ń nà. Suxamethonium tún ní tirẹ̀: ó lè mú potassium lé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin tó ní àrùn iṣan tí ẹnì kan kò tíì mọ̀, ọkàn rẹ̀ lè dúró. Mo fi í pamọ́ fún ọ̀ràn kánjúkánjú.

Ẹ dúró

Fentanyl máa ń tó ìṣẹ́jú 3 sí 5 kí agbára rẹ̀ tó pé. Mo kọ ọ́ sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta kúrú lẹ́nu. Nínú tíátà, tí ènìyàn mẹ́fà dúró, tí oníṣẹ́ abẹ ń mí ìmí ẹ̀dùn, tí ẹni tó ń to irin ti tò ó tán tó tún ń tò ó, ó gùn bí òpópónà Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìtìjú ló ń lé wa. Ohun tí mo ń ṣe nìyí. Bí mo bá ti ti fentanyl tán, mo máa ń sọ aago sókè: "Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, fentanyl wọlé. Ó di ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún kí n tó gbé irin." Mo sọ ọ́ kí gbogbo ilé gbọ́. Oníṣẹ́ abẹ tó gbọ́ aago kì í kánjú mọ́, ó mọ iye tó kù. Mo sì máa ń fi ìṣẹ́jú náà mí fún ọmọ pẹ̀lú báàgì, mo ń fi afẹ́fẹ́ oorun kún oorun rẹ̀, mo ń gbọ́ àyà rẹ̀. Kì í ṣe ìdúró lásán.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ara ti sùn? Ìpéǹpéjú kò tó, ẹ ti rí i lára ọmọ tèmi. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ síwájú pẹ̀lú agbára díẹ̀, bí ẹni fẹ́ la ọ̀nà èémí, kí ojú yín wà lára mọ́nítọ̀. Bí ìlù ọkàn bá fò sókè, tí ọmọ mira, tàbí tí èémí rẹ̀ yí padà, kò tíì tó. Ẹ jin oorun náà sí i, ẹ tún un ṣe. Oorun tí irin ọ̀fun nílò jìn ju èyí tí ọ̀bẹ nílò lára awọ lọ, ohun tó ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu nìyẹn.

Ẹ má sì jìn ín kọjá ààlà. Ìfúnpá ọmọ tí omi ti gbẹ lára rẹ̀ lè já wálẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ omi láti ilé.

Irin, rọ́bà, ọwọ́ fúyẹ́

Bí ẹ ṣe pẹ́ tó nínú ẹnu ọmọ àti bí ẹ ṣe fi agbára gbé e tó ló ń pinnu bí ìdágìrì ṣe máa ga tó. Ẹ gbìyànjú kí ó má ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ. Bó bá di 30, ẹ jáde, ẹ fi báàgì mí fún un, ẹ tún ara yín ṣe. Ọmọ ọwọ́, orí rẹ̀ tóbi lẹ́yìn, nítorí náà aṣọ tí ẹ ká sábẹ́ èjìká ló nílò, kì í ṣe ìrọ̀rí. Irin gbọọrọ dára fún un, èyí tó tẹ̀ dára fún Bọ̀sẹ̀dé. Ẹ má fi eyín ṣe ìgbáralé irin.

Ní kété tí ẹ bá rí ojú gògóńgò, ẹ lè fọ́n lidocaine díẹ̀ sí i kí rọ́bà tó wọlé, kí àpapọ̀ rẹ̀ má kọjá 4 mg fún kílò kan. Mo máa ń ṣe é fún ọmọ tó ní ìṣòro ọpọlọ tàbí ojú. Fún àwọn tó kù, mi ò rò pé ó tó kí ẹ tìtorí rẹ̀ pẹ́ lẹ́nu wọn.

Rọ́bà wọlé. Ẹ wo carbon dioxide lórí mọ́nítọ̀, ẹ gbọ́ àyà lápá méjèèjì àti ikùn. Ẹ dì í mọ́lẹ̀ dáadáa kí orí tó yí, nítorí gbogbo ìgbà tí rọ́bà bá fà síwá sẹ́yìn, ibodè ni ẹ tún ń kàn. Bàlúù rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà omi 20 lọ.

Ọmọ ọwọ́: ọkàn lè falẹ̀ dípò kó sáré

Lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, irin ọ̀fun lè mú kí ìlù ọkàn lọ sílẹ̀. Iṣan ìkẹwàá lágbára lára wọn ju iṣan tó ń mú ọkàn sáré lọ. Halothane àti suxamethonium á tún bá a tì í. Atropine 20 mcg fún kílò kan ṣáájú lè dènà rẹ̀, mo sì máa ń fún wọn bí mo bá fẹ́ lo suxamethonium.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi atropine bo ọ́síjìn mọ́lẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ń lo ọ́síjìn tó ìlọ́po méjì ti àgbàlagbà fún kílò kan, ohun tó wà nípamọ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sì kéré. Bí ọkàn ọmọ ọwọ́ bá ń falẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó rò ni pé ọ́síjìn ti tán. Ẹ yọ irin, ẹ mí fún un. Bó bá wà lábẹ́ 60 lẹ́yìn tí ẹ ti mí fún un dáadáa, tí ara rẹ̀ sì ń ṣú, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀, ẹ pe ènìyàn.

Bí ọkàn bá ṣì sáré lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5

Ẹ má sáré mú oògùn tó ń fà á sẹ́yìn. Ara ń sọ nǹkan fún yín. Ṣé oorun ti fúyẹ́? Ṣé rọ́bà ti jìn jù, tó ń kan ibi tí ọ̀nà èémí ti pín sí méjì? Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀, ẹ gbọ́ àyà lẹ́ẹ̀kan sí i. Carbon dioxide ńkọ́? Omi ara ńkọ́? Ṣé oníṣẹ́ abẹ ti bẹ̀rẹ̀ láìsọ fún yín? Ṣé atropine tí ẹ fún un ni? Ṣé ara rẹ̀ ń gbóná? Ó lé ní ìgbà mẹ́rin, nígbà tí mo bá wádìí dé ìdí, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ oorun ló ti tán nínú ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni ò wò ó.

Yíyọ rọ́bà

Ọ̀pọ̀ máa ń ronú pé iṣẹ́ ti parí níbí. Ìdágìrì tún ń dúró dè yín. Ẹ fa itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ kúrò nígbà tí oorun ṣì jìn, ẹ wo ẹ̀yìn òkè ọ̀fun ọmọ tó gé bẹ́lúbẹ́lú, ẹ̀jẹ̀ dídì máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Paracetamol, 15 mg fún kílò kan, gbọ́dọ̀ ti wọlé ṣáájú. Lidocaine 1 mg fún kílò kan, ìṣẹ́jú méjì ṣáájú yíyọ, ń dín ikọ́ kù. Ẹ yọ ọ́ nígbà tí ọmọ bá la ojú tó ń fa ojú ro, tàbí nígbà tí oorun ṣì jìn tó ń mí fúnra rẹ̀. Ààrin méjèèjì ni ewu wà: ibẹ̀ ni gògóńgò ti máa ń tì gbọnyin. Bó bá tì, ẹ fi ọ́síjìn pípé àti máàsìkì tó lẹ̀ mọ́ ojú tì í, ẹ gbé àgbọ̀n síwájú, ẹ ké pe ènìyàn. Bí kò bá ṣí, propofol 0.5 sí 1 mg fún kílò kan, lẹ́yìn rẹ̀ suxamethonium.

Ẹ gbé ọmọ dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ kó tó lajú tán.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin sílẹ̀: ìlù ọkàn kí irin tó wọlé, bí rọ́bà ṣe wọlé, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5. Kí ẹ kọ ìfúnpá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ní ìwé kékeré kan fún èyí, etí rẹ̀ ti gbó. Ti ọmọ-ọmọ màmá olóbì yẹn wà nínú rẹ̀, a ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́sàn-án ọjọ́ tí gàrí fi dá wa dúró: 102, 109, 111, 103.